Yìnyín ní Istanbul, ọyẹ́ ní Èkó: ta ló jẹ oníṣòwò Ìlọrin lówó nígbà tí bàlúù kò bá gbéra?

Bí oṣù Ọ̀pẹ bá ti wọlé títí di ìparí oṣù Èrèlé, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń gba ẹnu àwọn tó ń ti Ìlọrin, Ọ̀fà, Ajàṣẹ́-Ìpo àti Òmù-Àrán rìnrìn-àjò òwò. Ẹni tó ní òun ń lọ kó aṣọ ní Istanbul ti sun orí àga irin mọ́jú. Ẹni tó ní ìpàdé pẹ̀lú àwọn tó ń ra òrí lọ́wọ́ rẹ̀ ní Jámánì kò tíì rí ẹnu ọ̀nà Èkó pàápàá. Wọ́n dé káńtà, wọ́n béèrè, gbólóhùn kan péré ni wọ́n gbà: "Ojú ọjọ́ ni."

Lẹ́yìn ìyẹn ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fò káàkiri lórí WhatsApp. Ẹnìkan á ní iléeṣẹ́ bàlúù gbọ́dọ̀ san 600 owó Yúróò fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Ẹlòmíràn á ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni, pé ẹni tí yìnyín bá ká mọ́ ọ̀nà kò ní ẹ̀tọ́ sí ife omi kan. Òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì, àmọ́ ẹni tó bá gbé èyíkéyìí nínú rẹ̀ lọ sí káńtà bó ṣe rí yẹn lè padà lọ́wọ́ òfo.

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé ohun mẹ́ta ni wọ́n máa ń dì pọ̀ sínú "ojú ọjọ́" yìí: èyí tó ti òkè wá lóòótọ́, èyí tó yẹ kó wà ní pápákọ̀ òfurufú tí kò sí níbẹ̀, àti èyí tí iléeṣẹ́ bàlúù kò múra sílẹ̀ fún. Ọwọ́ tí òfin fi ń mú wọn kò dọ́gba.

Ṣé ọ̀kan náà ni ọyẹ́ wa àti yìnyín wọn?

Rárá, àmọ́ àkókò kan náà ni wọ́n ń jáde. Nígbà tí ìdajì ayé tó wà ní àríwá bá fẹ̀gbẹ́ sẹ́yìn fún oòrùn, òtútù á mú ní Yúróòpù, ní Tọ́kì àti ní Amẹ́ríkà. Afẹ́fẹ́ tútù láti òpin àríwá ayé á sọ̀ kalẹ̀ pàdé afẹ́fẹ́ tó ní ọ̀rinrin nínú, yìnyín á sì bẹ̀rẹ̀ sí í já. Lásìkò yẹn gan-an ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti àríwá ìlà-oòrùn máa ń la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá bá wa. Ibi tó ti ń kó eruku jù lọ ni kòtò ńlá Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, ìsàlẹ̀ adágún kan tó ti gbẹ láti ayébáyé. Àárín òkè Tibesti àti òkè Ennedi ni afẹ́fẹ́ náà ń fún ara rẹ̀ gbà jáde, bí ẹni fi ẹwìrì fẹ́ iná. Eruku náà kúnná débi pé díẹ̀ nínú rẹ̀ ń sọdá òkun Àtìláńtíìkì dé igbó Amazon. Ìlọrin kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Nítorí náà, àwọn tó ń sọ pé yìnyín Lọ́ńdọ̀nù ló ń fẹ́ òtútù sí wa ti dà á pọ̀. Àwọn méjèèjì kò bí ara wọn. Sáà kan náà ló bí wọn. Fún oníṣòwò, ọ̀kan dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ilé, èkejì dúró dè é níbi tó ń lọ. Ẹni tó bá lọ ní oṣù Ògún bọ́ lọ́wọ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ra aṣọ òtútù nínú oṣù Ògún?

Yìnyín wo gan-an ló ń dá bàlúù dúró?

Èdè wa ló kọ́kọ́ kó wa sí ìṣòro níbí. Yìnyín là ń pe ohun mẹ́ta tí àwọn awakọ̀ òfurufú kò kà sí ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ni èyí tí gbogbo wa mọ̀, tó máa ń bá òjò àkọ́rọ̀ wá, tó ń lu páànù gbàgbàgbà, tí àwọn ọmọdé ń sáré ṣà jẹ. Èkejì ni òjò dídì tó ń bọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ẹ̀kẹta ni òjò tó ń rọ̀ bí omi lásán, àmọ́ tó ń dì gbagidi ní kété tó bá ti kan nǹkan: ẹ̀ka igi, wáyà iná, apá bàlúù.

Èyí tó dà bí òwú yẹn, wọ́n ní ọkọ̀ tó ń gbá a kúrò lójú ọ̀nà bàlúù. Iṣẹ́ ńlá ni, ó ń gba àkókò, wọ́n lè ti ojú ọ̀nà pa kí wọ́n lè gbá a, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ni. Yìnyín tó bá lẹ̀ mọ́ apá bàlúù ló ń ba àwọn awakọ̀ lẹ́rù jù. Apá yẹn kì í ṣàdédé gbé bàlúù sókè. Bí wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ, bó ṣe dán, tó sì tẹ̀ kọrọdọ lókè, ni afẹ́fẹ́ fi ń rí i gbé. Yìnyín tí kò nípọn ju ìwé oníyanrìn tí káfíńtà fi ń ha pákó lọ, tí ara rẹ̀ sì rí ságisági bẹ́ẹ̀, lè gba tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tó ń gbé bàlúù dúró lófurufú.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi oògùn gbígbóná wẹ bàlúù kó tó gbéra. Oògùn náà ní iye ìṣẹ́jú tó lè fi ṣiṣẹ́, bí yìnyín bá sì ń já kíkankíkan, ìṣẹ́jú náà kì í pọ̀. Bí bàlúù tó wà níwájú yín lórí ìlà bá pọ̀ jù, agbára oògùn á ti tán kó tó kàn yín, ẹ ó sì padà lọ tún un wẹ̀. Èrò tó jókòó sínú rẹ̀ á máa wo ojú fèrèsé, yìnyín ti dá, oòrùn ti yọ, kò sì mọ ohun tí wọ́n ń dúró dè.

Ṣé kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà wọ́n jù?

Ní ọjọ́ 13 oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1982, bàlúù Air Florida kan gbéra ní Washington pẹ̀lú yìnyín lápá. Kò lè gòkè. Ó fara gbá afárá, ó sì já sínú odò Potomac. Ènìyàn 78 ló kú, mẹ́rin nínú wọn wà nínú ọkọ̀ wọn lórí afárá, wọn kò mọ nǹkan kan nípa bàlúù.

Èyí tó kàn wá jù ni ti ọjọ́ 22 oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1973. Bàlúù tó ń kó àwọn alálàájì bọ̀ láti Jeddah ń bọ̀ ní Èkó, ojú ọjọ́ Èkó kò dára, wọ́n bá yà sí Kánò. Ibi tó ti ń balẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán, iná sì sọ. Nínú ènìyàn 202 tó wà nínú rẹ̀, 176 ló kú. Ẹ̀fúùfù líle ló bá a ní ibi tó sá lọ.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Èrèlé ọdún 2024, hẹlikópítà tó gbé Herbert Wigwe, ọ̀gá àgbà nídìí ilé ìfowópamọ́, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀ àti Abímbọ́lá Ògúnbánjọ, alága ọjà ìdókòwò Nàìjíríà tẹ́lẹ̀, já ní aṣálẹ̀ California lóru, lásìkò tí òjò àti yìnyín ń rọ̀. Àwọn mẹ́fà tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Àjọ tó ń ṣèwádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà sọ pé awakọ̀ náà ń fi ojú lásán wo ọ̀nà lọ, ó sì tẹ̀síwájú wọ inú ojú ọjọ́ tí ojú lásán kò ti lè ríran mọ́.

Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni àwọn iléeṣẹ́ bàlúù máa ń gbé síwájú nígbà tí èrò bá ń bínú. Àwọn èrò náà kì í jà pé kí wọ́n fò nínú ewu. Ohun tí wọ́n ń bá wọn jà lé lórí ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pinnu pé àwọn kò ní fò.

Ọyẹ́ kì í lẹ̀ mọ́ apá bàlúù. Kí ló wá ń dá a dúró?

Àìríran ni. NiMet, àjọ tó ń wo ojú ọjọ́ fún Nàìjíríà, máa ń pín eruku ọyẹ́ sí ìpele: èyí tó fẹ́lẹ́, èyí tó mọ níwọ̀n, àti èyí tó nípọn. Bí wọ́n bá ti pè é ní èyí tó nípọn, ojú kò ríran kọjá mítà 1,000 mọ́ nìyẹn. Fún ìbalẹ̀ bàlúù, mítà 800 ni iye tí a sábà máa ń gbọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí. Lójú ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn láti Post Office lọ sí Ọjà Ọba, mítà 800 kì í ṣe kékeré. Bàlúù ńlá tó ń balẹ̀ ń sá tó kìlómítà mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú kan; mítà 800 yẹn, bí ìṣẹ́jú àáyá méjìlá ló fi máa jẹ ẹ́ tán.

Ẹ̀rọ atọ́nà kan wà tí wọ́n ń pè ní ILS, tó ń rán ìgbì rédíò sókè kí awakọ̀ lè tẹ̀ lé e sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni di okùn mú. Ìpele rẹ̀ ló yàtọ̀. Ti ìpele kìíní, awakọ̀ gbọ́dọ̀ máa ríran tó mítà 550 lórí ojú ọ̀nà kó tó lè balẹ̀. Ti ìpele kejì, mítà 300. Ti ìpele kẹta sọ̀ kalẹ̀ ju ìyẹn lọ. Níbí ni ìjọba àti àwọn iléeṣẹ́ bàlúù ti máa ń kọ ojú sí ara wọn. Ìjọba á ní àwọn ti ra ẹ̀rọ tuntun. Àwọn iléeṣẹ́ á ní ẹ̀rọ nìkan kò tó: iná ojú ọ̀nà gbọ́dọ̀ pé, bàlúù fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní irinṣẹ́ tó bá ẹ̀rọ náà mu, awakọ̀ sì gbọ́dọ̀ ti gba ìwé-ẹ̀rí ìpele yẹn. Bí ọ̀kan bá yọ, gbogbo rẹ̀ padà sí ìpele ìsàlẹ̀.

Ní oṣù Èrèlé ọdún 2020, ó hàn sí gbogbo ayé. Bàlúù láti òkè òkun tó yẹ kó balẹ̀ ní Èkó ń kó èrò lọ já sí Accra ní orílẹ̀-èdè Gánà, nítorí pé ojú ọjọ́ burú, ẹ̀rọ atọ́nà tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kalẹ̀ sí ojú ọ̀nà kan ní Èkó kò sì tíì ṣeé lò. Àwọn èrò tó ti ń gbọ́ òórùn ilé sun Accra. Ṣé ojú ọjọ́ nìyẹn àbí ẹ̀rọ? Méjèèjì ni, ìdí nìyẹn tí "ojú ọjọ́ ni" kò fi tó ìdáhùn.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí èrò mọ̀. Kùrukùru òwúrọ̀ Èkó àti eruku ọyẹ́ kì í ṣe nǹkan kan náà. Kùrukùru, omi ni. Bí oòrùn bá ti mú díẹ̀, ó sábà máa ń ká. Eruku, oòrùn kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì, mẹ́ta. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé kùrukùru ni lè mu kọ́kọ́ kó dúró. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé eruku tó nípọn ni, kó tètè pe àwọn tó ń retí rẹ̀.

Ìlọrin mọ́ kedere, mo ń rí òkè Sóbí láti ilé. Kí ló dé tí bàlúù ò gbéra?

Ẹni tó wà nílẹ̀ ń wo ọ̀ọ́kán. Awakọ̀ tó ń bọ̀ lókè ń wo ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ń fi ojú la gbogbo eruku tó wà láàárín òun àti ilẹ̀ kọjá. Ohun tó dà bí aṣọ fẹ́lẹ́ lójú tìrẹ lè dà bí ògiri lójú tirẹ̀.

Ìdí kejì ló wọ́pọ̀ jù, òun sì ni àwọn èèyàn kì í rò. Bàlúù tó fẹ́ gbé ọ kò sí ní Ìlọrin. Èkó tàbí Àbújá ló sùn. Bí Èkó kò bá ríran ní aago méje àárọ̀, kò ní sí bàlúù ní Ìlọrin ní aago mẹ́sàn-án, bí ojú ọ̀run ìlú Àlímì tilẹ̀ mọ́ bíi dígí. Bàlúù kan náà ló sì ń lọ sí ìlú mẹ́ta, mẹ́rin lójúmọ́. Bí ó bá pàdánù wákàtí mẹ́ta láàárọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ìlú kan kúrò. Òfin fi gbèdéke sí iye wákàtí tí awakọ̀ lè ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà kò sì ní iná tó tó láti gba bàlúù lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀. Ìlú tí bàlúù rẹ̀ kò pọ̀ lójúmọ́ ló máa ń fara gbá a.

Apá ibi tó pani lẹ́rìn-ín ni pé pápákọ̀ òfurufú Ìlọrin, tó wà lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́, tí ìjọba àpapọ̀ sọ ní orúkọ Ọ̀gágun Túndé Ìdíàgbọn ní ọdún 2023, ní ojú ọ̀nà bàlúù tó gùn ju kìlómítà mẹ́ta lọ. Nítorí gígùn yẹn, Ìlọrin wà lára ibi tí bàlúù tí kò rí Èkó balẹ̀ máa ń yà sí. Èrò Ìlọrin lè jókòó sínú gbọ̀ngàn, kó máa wo bàlúù ẹlẹ́ni tó ṣáà yà wá, kí tirẹ̀ má sì dé.

Ibo ni ojú ọjọ́ parí sí, ibo ni àìmúrasílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò aṣọ mọ Laleli, àdúgbò tí wọ́n ti ń ta aṣọ ní Istanbul, dáadáa. Ní ọjọ́ 24 oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2022, yìnyín bo ìlú náà débi pé wọ́n ti pápákọ̀ òfurufú ńlá Istanbul pa. Òrùlé ilé ìkẹ́rù kan níbẹ̀ wó lulẹ̀ nítorí ìwúwo yìnyín. Kò sí ẹni tó fara pa. Àwọn èrò tó há síbẹ̀ ń pariwo pé òtẹ́lì ni àwọn ń fẹ́. Kò sẹ́ni tó lè bá ọ̀run jà nítorí yìnyín tó já lọ́jọ́ kìíní. Ọ̀rọ̀ òtẹ́lì lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń jà lé lórí, ọwọ́ ènìyàn sì nìyẹn wà.

Ti Amẹ́ríkà ní ìparí ọdún yẹn kan náà ló wá la ọ̀rọ̀ náà yé. Ìjì yìnyín ńlá kan jà ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì ọdún 2022. Gbogbo iléeṣẹ́ bàlúù ló fagilé ìrìn-àjò. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn tó kù ti gbéra nílẹ̀, àmọ́ iléeṣẹ́ Southwest kò lè dìde. Ìrìn-àjò tó lé ní 16,000 ló fagilé láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, èrò tó há sọ́nà lé ní mílíọ̀nù méjì. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ ibi tí awakọ̀ àti òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà kò lè gbé iṣẹ́ náà. Awakọ̀ wà, bàlúù wà, wọn kò mọ bí wọ́n ṣe máa pàdé. Afẹ́fẹ́ fẹ́, a rí fùrọ̀ adìyẹ. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2023, ìjọba Amẹ́ríkà bu ìtanràn mílíọ̀nù 140 dọ́là lé wọn lórí, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ owó tí wọn yóò máa fi san gbà-má-bínú fún èrò lọ́jọ́ iwájú.

Ìlà tí wọ́n fà nìyẹn: ìjì ọjọ́ kìíní, ti ojú ọjọ́ ni, ọjọ́ kẹfà, nígbà tí àwọn yòókù ti ń fò, ti iléeṣẹ́ ni. Àwọn iléeṣẹ́ bàlúù kò gbà pé ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kẹfà, ọmọ tí ọjọ́ kìíní bí ni.

Kí ni òfin Nàìjíríà sọ?

Òfin ìrìnnà òfurufú ti ọdún 2023, tí NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfurufú ní Nàìjíríà, ń lò, pín ọ̀rọ̀ náà sí ọ̀nà méjì tí èrò máa ń dà pọ̀: ìtọ́jú àti owó gbà-má-bínú. Ìtọ́jú ni ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe fún ọ nígbà tí o ń dúró. Fún ìrìn-àjò abẹ́lé, bí ìdádúró bá ti kọjá wákàtí kan, ìpápánu àti ohun mímu. Bó bá kọjá wákàtí méjì, o lè ní kí wọ́n dá owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ padà. Bó bá bọ́ sí àárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago mẹ́rin ìdájí, òtẹ́lì àti ọkọ̀ tí yóò gbé ọ lọ, gbé ọ bọ̀. Ẹni tó san owó lọ́wọ́, ojú ẹsẹ̀ ló yẹ kí wọ́n dá a padà. Ẹni tó sanwó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tàbí ní báńkì, ọjọ́ mẹ́rìnlá.

Owó gbà-má-bínú ni nǹkan mìíràn lórí ìyẹn, òun ni ojú ọjọ́ lè pa rẹ́. Bí iléeṣẹ́ bá lè fi hàn pé ohun tó kọjá agbára òun ló fà á, wọn kò jẹ ọ́ ní gbà-má-bínú. Ṣùgbọ́n àwíjàre ojú ọjọ́ kò gba owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tó ń sọ ní káńtà pé "ojú ọjọ́ ni, kò sí rífọ́ńdù" ti fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀.

Owó Yúróò 600 tó wà lórí WhatsApp ńkọ́?

Ó wà lóòótọ́, nínú òfin 261 ti ìṣọ̀kan Yúróòpù tí wọ́n ṣe ní ọdún 2004. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní ẹ̀dà tirẹ̀. Ìwọ̀n ọ̀nà ló ń sọ iye rẹ̀, 250, 400 tàbí 600. Ó bo bàlúù yòówù tó bá gbéra láti Yúróòpù, àti èyí tó ń lọ síbẹ̀ bí iléeṣẹ́ náà bá jẹ́ ti Yúróòpù. Ẹni tó wọ bàlúù ilẹ̀ Faransé láti Èkó lọ sí Paris wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó wọ bàlúù ilẹ̀ Tọ́kì láti Èkó lọ sí Istanbul kò sí níbẹ̀.

Yìnyín gidi sì máa ń pa 600 náà rẹ́. Ohun tí kò lè pa rẹ́ ni oúnjẹ àti òtẹ́lì. Nígbà tí òkè ayọnáyèéfín bú ní Iceland ní ọdún 2010, tí eérú rẹ̀ ti ojú òfurufú Yúróòpù pa fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, iléeṣẹ́ kan ní ìyẹn ju ohun tí òfin ní lọ́kàn lọ. Ní ọdún 2013, ilé-ẹjọ́ gíga ìṣọ̀kan Yúróòpù ní rárá: bó ti wù kó le tó, kí wọ́n bọ́ èrò, kí wọ́n fún un ní ibi tí yóò sùn.

Ní Amẹ́ríkà, kò sí gbà-má-bínú fún ojú ọjọ́, kò sì sí òfin ìjọba àpapọ̀ tó ní kí wọ́n fún ọ ní òtẹ́lì nítorí yìnyín. Àmọ́ bí wọ́n bá fagilé ìrìn-àjò, tí o kò sì fẹ́ òmíràn tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, owó rẹ ni wọn yóò dá padà, kì í ṣe káàdì ọjọ́ iwájú.

Bàlúù Ìlọrin ló pẹ́, mo pàdánù ti òkè òkun ní Èkó. Ta ni mo fẹ́ mú?

Ibí ni ọ̀pọ̀ owó oníṣòwò Ìlọrin ti ń ṣòfò, kò sì sí nínú gbogbo àtẹ̀jáde WhatsApp wọ̀nyẹn.

Ká ní Alhaja kan ní Gáà-Àkáńbí ra tíkẹ́ẹ̀tì Ìlọrin sí Èkó lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kan, ó sì ra ti Èkó sí Istanbul lọ́wọ́ òmíràn, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe pọ́ọ́kú. Lójú tirẹ̀, ìrìn-àjò kan ni. Lójú òfin, méjì ni, wọn kò sì mọ ara wọn. Bí ọyẹ́ bá dá ti Ìlọrin dúró, iléeṣẹ́ Ìlọrin jẹ ẹ́ ní ìtọ́jú àti owó tíkẹ́ẹ̀tì Ìlọrin péré. Iléeṣẹ́ Istanbul kò rí i ní Èkó ní àkókò tó yẹ, bàlúù wọn gbéra ní wákàtí rẹ̀, wọn kò sì ṣẹ̀ ẹ́. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò yọjú. Ohun tó tún ń tẹ̀ lé e ni pé ẹni tí kò bá yọjú ní àlọ, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ máa ń fagilé àbọ̀ rẹ̀ náà.

Bó bá jẹ́ pé lórí ìwé kan ṣoṣo, nọ́ńbà kan ṣoṣo, ni ó ra gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹni tó ta ìwé náà ló gbọ́dọ̀ gbé e dé Istanbul, bó bá pàdánù ti àárọ̀, wọ́n á fi sínú ti alẹ́ tàbí ti ọ̀la láìgba owó tuntun. Ilé-ẹjọ́ Yúróòpù náà ní nọ́ńbà ìwé kan ṣoṣo yẹn ni àwọn ń wò. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé iléeṣẹ́ bàlúù abẹ́lé tó bá ti òkè òkun ṣe pọ̀ kò wọ́pọ̀, nítorí náà ìwé kan ṣoṣo láti Ìlọrin kì í rọrùn rí rà bíi ti ẹni tó ń gbé Èkó.

Àwọn aṣojú tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní Ìlọrin lè tẹ méjèèjì sórí bébà kan náà pẹ̀lú orúkọ iléeṣẹ́ wọn lókè. Bébà kan kọ́ ni ìwé kan. Nọ́ńbà oníléta mẹ́fà tó wà lórí rẹ̀ ni kí ẹ wò. Bó bá jẹ́ méjì, tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ àgbà oníṣòwò fi ń wọ mọ́tò lọ sí Èkó lọ́jọ́ méjì ṣáájú ní àsìkò ọyẹ́. Owó òtẹ́lì Èkó dùn wọ́n, àmọ́ wọ́n ti ṣírò rẹ̀.

Mo ní ìnṣọ́ránsì tí mo fi gba físà. Ṣé kò tó?

Ìnṣọ́ránsì tí wọ́n ń béèrè fún físà Schengen, tó gbọ́dọ̀ tó 30,000 owó Yúróò ó kéré tán, ti àìsàn àti ìjàǹbá ni. Ó ń san owó ilé ìwòsàn, ó sì ń gbé aláìsàn tàbí òkú padà sílé. Kò sí ohun tó kàn án bí yìnyín bá dá bàlúù dúró, àfi bí ẹ bá fi owó kún un láti ra èyí tó bo ìfagilé àti ìdádúró. Àwọn èyí náà sì máa ń ní ìlà kan: ìjì tí wọ́n ti kéde kí o tó ra ìnṣọ́ránsì kò sí nínú rẹ̀.

Kí ló yẹ kí èrò gbà ní káńtà?

Ìwé tó sọ ìdí. Kì í ṣe "ojú ọjọ́" lásán: ojú ọjọ́ ìlú wo, ní aago mélòó, kí ló sì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ìwé yẹn ló wúlò níwájú NCAA, níwájú oníṣòwò tó ń retí rẹ, àti lọ́wọ́ àwọn aṣojú ìjọba bí ọjọ́ físà bá fẹ́ kọjá nítorí pé bàlúù àbọ̀ kò gbéra.

Ìdí tí ìlú àti aago fi ṣe pàtàkì ni pé ìròyìn ojú ọjọ́ pápákọ̀ òfurufú kọ̀ọ̀kan ń jáde ní wákàtíwákàtí, ẹnikẹ́ni sì lè kà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. METAR ni wọ́n ń pè é. DNIL ni àmì Ìlọrin, DNMM ni ti Èkó, DNAA ni ti Àbújá. FG túmọ̀ sí kùrukùru, HZ sí ìkúùkù ọyẹ́, DU sí eruku, SN sí òjò dídì, FZRA sí òjò tó ń dì mọ́ nǹkan. Nọ́ńbà mẹ́rin tó so pọ̀, tó tẹ̀ lé èyí tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́, ni iye mítà tí ojú ń rí. Bí ìwé káńtà bá ní kùrukùru Èkó ló fà á ní aago mẹ́jọ àárọ̀, tí DNMM aago mẹ́jọ sì kọ 0400, iléeṣẹ́ náà sọ òótọ́. Bó bá kọ 5000, àríyànjiyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.